DNA Ta Ni? Ọjọ́ Kan ní Sacramento

Òru, aago méjì kọjá

Àwọn wọ́dà ọgbà ẹ̀wọ̀n ní Sacramento, olú-ìlú ìpínlẹ̀ California, kọ orúkọ bàbá ẹni ọdún 72 kan sínú ìwé wọn: Joseph James DeAngelo. Ọjọ́rú, ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin ọdún 2018 ni. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ṣáájú ni ọlọ́pàá ká a mọ́ ilé rẹ̀ ní Citrus Heights, àdúgbò jẹ́jẹ́ kan lẹ́yìn ìlú. Mẹkáníìkì ọkọ̀ akẹ́rù ni tẹ́lẹ̀, ó ti fẹ̀yìn tì. Àwọn tó mú un sọ pé ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ ni pé òun gbé ẹran sínú ààrò. Wọ́n ní kó má ṣèyọnu, àwọn á bójú tó o.

Láàárín 1975 sí 1986, ẹ̀rù ọkùnrin yìí ò jẹ́ kí California sùn. Òru ló máa ń wọlé. Á na tọ́ọ̀ṣì sójú tọkọtaya lórí ibùsùn, á di ọkọ lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀, á dà á dojú bolẹ̀, á wá kó àwo lé e lẹ́yìn. Á sọ fún un pé bí òun bá gbọ́ kí àwo ró pẹ́nrẹ́n, òun á pa gbogbo wọn. Á wá wọ́ ìyàwó lọ sí yàrá kejì. Nǹkan bí 50 obìnrin ló fipá bá lò pọ̀ báyìí, ó sì pa èèyàn 13. Lóṣù Kẹfà 2020, ó fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ ìpànìyàn náà ní ilé ẹjọ́, wọ́n sì rán an ní ẹ̀wọ̀n gbére ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn.

Ohun tó ń dun àwọn èèyàn jù ni pé ọlọ́pàá ni nígbà tó ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá ní Exeter, lẹ́yìn náà ní Auburn, títí di 1979 tí wọ́n lé e kúrò nítorí pé ó jí òòlù àti oògùn tí wọ́n fi ń lé ajá ní ṣọ́ọ̀bù kan.

Ìdájí

Kí ojú tó là dáadáa, ìròyìn ti ń jò. Lẹ́bàá Chicago ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Patton Oswalt àti àwọn ọkùnrin méjì, Paul Haynes àti Billy Jensen, ṣe ètò kan lórí ìwé tí ìyàwó Oswalt, Michelle McNamara, kọ lórí apànìyàn náà. Obìnrin náà ti kú ní oṣù Kẹrin 2016 kó tó parí ìwé. Àwọn ọkùnrin méjì yẹn ló bá a parí rẹ̀, ìwé sì jáde ní oṣù Kejì 2018. McNamara ló fún apànìyàn náà ní orúkọ tí gbogbo ayé wá mọ̀ ọ́n sí, Golden State Killer. Àwọn tó ń ka ìwé rẹ̀ kò tíì gbé e kalẹ̀ tí wọ́n fi gbọ́ pé ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́.

Báwo ni wọ́n ṣe rí i lẹ́yìn ogójì ọdún? Ìbéèrè tó wà lẹ́nu gbogbo èèyàn láàárọ̀ ọjọ́ yẹn nìyẹn.

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀

Ó bọ́ sí i pé ọjọ́ DNA ni ọjọ́ yẹn ní Amẹ́ríkà. Ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin 1953 ni ìwé ìròyìn Nature gbé iṣẹ́ James Watson àti Francis Crick jáde, tó ṣàlàyé bí DNA ṣe rí nínú ara wa. Lọ́dọọdún, bí ọjọ́ yìí bá ń sún mọ́lé, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe àyẹ̀wò ìran máa ń já owó ọjà wọn wálẹ̀. Ẹni tó bá rà á á gba páálí kékeré kan nílé ìfìwéránṣẹ́. Nínú páálí yẹn ni ike tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí ìlà wà lára rẹ̀, á tutọ́ sínú rẹ̀ títí itọ́ á fi dé ojú ìlà, á dé e pa, á sì fi ránṣẹ́ padà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n á fi èsì hàn án lórí fóònù: ibi tí àwọn baba ńlá rẹ̀ ti wá, àti orúkọ àwọn èèyàn mìíràn tó ti tutọ́ sínú irú ike bẹ́ẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ wọn bá tirẹ̀ tan.

Èmi ò ní bá ẹnikẹ́ni fi àwọn tó ń ṣe àyẹ̀wò yìí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ ro ti ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú kan tó ń wá orísun rẹ̀. Ìkànìyàn ọdún 1870 ni àkọ́kọ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà ti kọ orúkọ gbogbo àwọn aláwọ̀ dúdú sílẹ̀ bí èèyàn. Ṣáájú ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba ńlá wọn jẹ́ iye lásán nínú ìwé olówó ẹrú: ọkùnrin kan, ọmọ ọdún báyìí, kò sí orúkọ. Itọ́ inú ike yìí ni ọ̀nà tó ṣẹ́kù fún wọn. Nígbà tí wọ́n bá sì rí "Nigeria" tàbí "Benin/Togo" nínú èsì wọn, omijé ló máa ń bọ́ lójú àwọn mìíràn. Àwọn Yorùbá tó wà ní Texas, ní Maryland àti ní London náà ń ṣe é. Ní 2018, Ancestry àti 23andMe lápapọ̀ ti gba itọ́ èèyàn tó ju mílíọ̀nù 10 lọ.

Ó ku ibì kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ nígbà náà. Ẹni tó bá gba èsì rẹ̀ lè gba gbogbo ìsọfúnni inú rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, kó sì gbé e lọ sí ìkànnì mìíràn lọ́fẹ̀ẹ́ láti wá ìbátan sí i. Ìkànnì tí àwọn olùtọpinpin ìran fẹ́ràn jù fún èyí ni GEDmatch, tí Curtis Rogers àti John Olson dá sílẹ̀ ní 2010. Nǹkan bí mílíọ̀nù kan èsì ló ti wà níbẹ̀ ní àárọ̀ Ọjọ́rú yẹn.

Aago méjìlá ọ̀sán

Aago mẹ́jọ alẹ́ ló jẹ́ ní Èkó. Ní Sacramento, ọ̀sán gangan ni, àwọn oníròyìn sì ti pé jọ sí iwájú ilé àyẹ̀wò ọ̀ràn ìjọba. Wọ́n yan ibẹ̀ láti fi hàn pé iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì ló mú ọ̀daràn náà. Anne Marie Schubert, olùpẹjọ́ àgbà Sacramento, ló bọ́ síwájú. Ìlú yẹn náà ló dàgbà sí, ó sì mọ ìgbà tí àwọn òbí ń ra ìbọn àti ajá, tí wọ́n ń ti fèrèsé pa nínú ooru nítorí ọkùnrin yìí. Ó ní abẹ́rẹ́ tó bọ́ sínú òkìtì koríko làwọn ń wá, ṣùgbọ́n àwọn mọ̀ pé abẹ́rẹ́ náà wà níbẹ̀, inú DNA sì ni ìdáhùn wà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ṣẹ́ríìfù Scott Jones sọ pé orúkọ DeAngelo kò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni rárá títí di nǹkan bí ọjọ́ mẹ́fà sẹ́yìn. Ó ní àwọn ṣọ́ ọ, àwọn mú ohun kan tó sọ nù, DNA ara rẹ̀ sì bá ti apànìyàn mu.

Lẹ́yìn náà ni Bruce Harrington sọ̀rọ̀. Lọ́yà ni. Ní 1980, ọkùnrin yìí pa àbúrò rẹ̀ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, ó sì pa ìyàwó àbúrò náà mọ́ ọn nínú ilé wọn. Harrington fi owó ara rẹ̀ ti òfin kan tí àwọn ará California dìbò fún ní 2004 lẹ́yìn. Òfin yẹn ló ní kí wọ́n máa gba DNA àwọn tó bá ṣẹ ẹ̀ṣẹ̀ ńlá, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ sọ́dọ̀ ìjọba. Ó sọ fún àwọn obìnrin tó yè é bọ̀ pé kí wọ́n sùn dáadáa lálẹ́ òní, pé ẹni náà ò ní gba ojú fèrèsé wọlé mọ́. Bí mo ti ń ronú kan ọ̀rọ̀ yẹn, mi ò rí ẹni tó lè gbọ́ ọ kó má dùn mọ́ ọn nínú. Obìnrin tó ti fi ogójì ọdún sùn pẹ̀lú iná títàn ní ẹ̀tọ́ sí ọ̀sán yẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká padà sí ohun tí wọ́n sọ. DNA, wọ́n sọ ọ́ léraléra. Ti ta ni? Ẹni tó bá gbọ́ wọn á rò pé DNA DeAngelo fúnra rẹ̀ ni wọ́n bá nínú àkójọ ìjọba, bí òfin Harrington ti là á sílẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. DNA DeAngelo kò sí nínú àkójọ ìjọba rí. Ohun tí wọ́n sọ lọ́sàn-án yẹn kì í ṣe irọ́, ìdajì òótọ́ ni, ìdajì tí wọ́n sì gbé pamọ́ ló kan èmi àti ẹ̀yin.

Aago méjì ọ̀sán

Ìdajì kejì nìyí. Àkójọ DNA tí ọlọ́pàá Amẹ́ríkà ń lò, ojú ibi 20 péré ni wọ́n ń wò nínú DNA ẹni kan. Ó tó láti fi sọ pé lágbájá ni tàbí òun kọ́. Àyẹ̀wò ìran tí àwọn aráàlú ń rà yàtọ̀ pátápátá: ojú ibi tó ju 600,000 lọ ló ń wò, ìdí nìyẹn tó fi lè mọ ìbátan tó jìn, àwọn tí kò tíì fojú kan ara wọn rí, tí baba ńlá kan náà bí wọn ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn.

Paul Holes, olùṣèwádìí ní Contra Costa, àti Steve Kramer, lọ́yà FBI, rí DNA apànìyàn náà tí wọ́n tọ́jú láti ibi tọkọtaya kan tó pa ní Ventura ní 1980. Wọ́n jẹ́ kí wọ́n ṣe é bí ẹni ń ṣe àyẹ̀wò ìran, wọ́n sì gbé e sórí GEDmatch bí ẹni pé aráàlú kan ló ń wá ìbátan rẹ̀. Àwọn ìbátan tó jìn ló jáde, irú àwọn tí òbí ìran karùn-ún sẹ́yìn pa pọ̀. Barbara Rae-Venter, lọ́yà tó ti fẹ̀yìn tì tó mọ iṣẹ́ ìtọpinpin ìran dunjú, dara pọ̀ mọ́ wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn baba ńlá tó gbé ayé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1800, wọ́n wá ń tọ ọmọ, ọmọ ọmọ àti àrọ́mọdọ́mọ wálẹ̀. Ìwé ìkànìyàn ni wọ́n ń wò, pẹ̀lú ìkéde òkú nínú ìwé ìròyìn, ojú sàréè àti Facebook. Igi ìran bí 25 ni wọ́n yà, ẹ̀ka kan ṣoṣo tí DeAngelo wà nínú rẹ̀ sì ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún èèyàn. Wọ́n wá ń yọ obìnrin kúrò, wọ́n yọ ẹni tó kéré jù, ẹni tó dàgbà jù, ẹni tí kò gbé California rí.

Ohun tó kù ni kí wọ́n gba DNA ẹni náà gan-an. Lọ́jọ́ 18 oṣù Kẹrin, ó wọ ṣọ́ọ̀bù ńlá kan ní Roseville, ọlọ́pàá sì nu ọwọ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ 23, wọ́n tú garawa ìdọ̀tí tó gbé síta. Tíṣù kan wà níbẹ̀. Tíṣù yẹn ló tán an.

Iṣẹ́ ọpọlọ ni, mo gbóríyìn fún un. Àmọ́ ẹ wo àwọn tó wà lórí igi yẹn. Ẹgbẹ̀rún èèyàn, ẹnì kan ṣoṣo ló jẹ̀bi. Àwọn tó kù, wọ́n yẹ ọjọ́ orí wọn wò, wọ́n yẹ ibi tí wọ́n ń gbé wò, wọn ò sì mọ̀ títí dòní. Ní oṣù Kẹta 2017, nínú ìwádìí yìí kan náà, ìtọpinpin bẹ́ẹ̀ ti gbé ọlọ́pàá lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní ìpínlẹ̀ Oregon. Bàbá ẹni ọdún 73 kan tó ń ṣàìsàn ni wọ́n lọ bá pẹ̀lú ìwé àṣẹ adájọ́, wọ́n sì gba DNA rẹ̀. Òun kọ́.

Ẹni tó bá dàgbà ní ilẹ̀ Yorùbá mọ bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ẹbí ṣe rí. Ọmọ kan ò lè dá a tà. Bí olórí ẹbí àti àwọn àgbà ìdílé ò bá fọwọ́ sí i, títà náà ò dúró, kóòtù náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. DNA jọ ilẹ̀ yẹn ju bó ṣe jọ ohun ìní ẹnì kan lọ. Ìdajì èyí tó wà lára mi wà lára ọmọ mi. Èyí tó wà lára àbúrò mi ní Houston, ó sọ tèmi tí mo jókòó sí Ìbàdàn. Bí àbúrò yẹn bá fi tirẹ̀ síta, ó ti fi tèmi síta. Kò bi mí. Ilé iṣẹ́ náà ò bi mí. Ọlọ́pàá ò sì ní bi mí.

Ìrọ̀lẹ́ ní Florida

Bí aago méjì ti ń lù ní Sacramento ni aago márùn-ún ń lù ní Lake Worth, Florida, níbi tí Curtis Rogers, oníṣòwò tó ti fẹ̀yìn tì, ti ń bójú tó GEDmatch nínú ilé kékeré kan. Ó lè ti gbọ́ ìròyìn ọ̀daràn tí wọ́n mú ní California bí gbogbo èèyàn ṣe gbọ́ ọ. Kò mọ̀ pé ìkànnì tòun ni wọ́n gbà dé ibẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ jáde sí gbangba lópin ọ̀sẹ̀ yẹn, GEDmatch kéde pé kò sí ọlọ́pàá kankan tó wá bá àwọn ṣáájú. Wọ́n ní àwọn máa ń kìlọ̀ fún àwọn tó ń lò ó pé wọ́n lè lo èsì wọn fún nǹkan mìíràn. Ìkìlọ̀ wà lóòótọ́. Ta ló ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ tán?

Alẹ́

Ní Citrus Heights, ọlọ́pàá àti FBI ṣì ń tú ilé. Àwọn ará àdúgbò ń bá oníròyìn sọ̀rọ̀ nípa bàbá onígbòónára kan tó máa ń pariwo, tó máa ń ṣépè nínú ọgbà rẹ̀. Ní Ventura, olùpẹjọ́ ti fẹ̀sùn ìpànìyàn méjì kàn án. Alẹ́ lẹ́, àwọn obìnrin tí Harrington bá sọ̀rọ̀ sì lọ sùn.

Ọjọ́bọ̀ ni àwọn aláṣẹ gbà pé ìkànnì ìran ni àwọn gbà. Lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n ti DeAngelo wọ kóòtù lórí kẹ̀kẹ́ arọ, orúkọ GEDmatch sì ti bọ́ síta. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ẹ̀ nìyẹn. Oṣù Kejìlá 2020, lẹ́yìn tí ẹjọ́ ti parí pátápátá, ni ìwé ìròyìn Los Angeles Times tú u fó pé àwọn olùṣèwádìí ti lo FamilyTreeDNA àti MyHeritage pẹ̀lú. MyHeritage ò sì mọ̀ rárá. Ó ju ọdún méjì ààbọ̀ lọ kí aráàlú tó mọ ohun tó fara sin sábẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀sán Ọjọ́rú yẹn. Èyí ni mo kà sí àṣìṣe wọn. Ọ̀daràn náà tọ́ sí ohun tó rí. Àwọn tó ni DNA tí wọ́n fi mú un tọ́ sí òótọ́.

Ilẹ̀kùn tó ṣí lọ́jọ́ yẹn kò tíì tì. Ní oṣù Kẹwàá 2018, Yaniv Erlich àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ nínú ìwé ìròyìn Science pé bí àkójọ kan bá ní mílíọ̀nù 1.28 èsì, nǹkan bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ará Amẹ́ríkà tí orísun wọn jẹ́ Yúróòpù á rí ìbátan nínú rẹ̀ tó tó láti fi wá wọn kàn, yálà wọ́n tutọ́ tàbí wọn ò tutọ́. Bí àwọn dúdú bá ṣe ń pọ̀ sí i nínú àkójọ náà ni tiwọn á ṣe máa dà bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún 2019, GEDmatch yí òfin padà: àfi ẹni tó bá yọ̀ǹda ni ọlọ́pàá lè rí. Ọdún yẹn náà ni adájọ́ kan ní Florida fún ọlọ́pàá Orlando kan láṣẹ láti wo gbogbo rẹ̀, àtẹni tó gbà àtẹni tó kọ̀. Nígbà tó sì di ọjọ́ 19 oṣù Keje 2020, àwọn kan já wọ ìkànnì náà, wọ́n sì yí àṣẹ gbogbo èèyàn padà. Fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta, gbogbo èsì wà ní ìta gbangba fún ọlọ́pàá. Àṣírí tí bọ́tìnì kan ṣoṣo ń ṣọ́, kì í ṣe àṣírí tó fọkàn ẹni balẹ̀.

Mi ò sọ pé kí ọlọ́pàá má lò ó mọ́. Ìpínlẹ̀ Maryland ti fi hàn láti 2021 pé ó ṣeé ṣe láti fi òfin dè é: kí adájọ́ fọwọ́ sí i kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kí ó sì jẹ́ fún ọ̀ràn ńlá nìkan. Bó ṣe yẹ kó rí níbi gbogbo nìyẹn, kí wọ́n sì fi kún un pé aráàlú gbọ́dọ̀ mọ ìkànnì tí wọ́n lò.

Nílé níbí, òfin ààbò ìsọfúnni tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 ti ka DNA mọ́ àwọn ìsọfúnni tó nílò ààbò pàtàkì. Ó dára bẹ́ẹ̀. Òfin yẹn kò lè dé Texas lọ gba itọ́ padà nínú ike. Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ wa tó wà lókè òkun, kí ẹ tó tutọ́ sínú ike náà, ẹ pe ilé. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe fún ìyá yín, fún àwọn ẹ̀gbọ́n àti àwọn àbúrò yín. Ẹ ṣàlàyé fún wọn pé ọlọ́pàá ilẹ̀ ibòmíràn lè gba ibẹ̀ mọ̀ wọ́n, kí ẹ sì bi wọ́n bóyá wọ́n gbà.